Balkan: ìwé mẹ́rin, orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ẹni kan ṣoṣo. Ibo la ti máa wá ìdílé rẹ̀?

OmoEkiti_Illinois

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdílé ìyá àwọn ọmọ wa ni mo ń bá wọn wá. Baba ńlá wọn kan gúnlẹ̀ sí New York ní 1910, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin ní Granite City, Illinois. Ìwé mẹ́rin ló wà nílẹ̀, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu:

Ìwé orúkọ èrò ọkọ̀ ojú omi, 1910: ọmọ Tọ́kì, ẹ̀yà "Bulgarian", ó ti "Monastir" wá.
Káàdì ìforúkọsílẹ̀ ológun, oṣù kẹfà 1917: "Monastir, Serbia".
Ìkànìyàn 1920: "Macedonia".
Ìkànìyàn 1930: "Greece".

Monastir ni wọ́n ń pè ní Bitola lónìí, Bitola sì wà ní Àríwá Makedóníà. A ti wá orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ìwé ìrìbọmi Bitola tó wà láàárín 1880 sí 1892, kò sí níbẹ̀. Èwo nínú ìwé wọ̀nyí ló purọ́? Ibo ni kí a yà sí?

Agba_Akosile

Ẹ kú ìjókòó sà. Kò sí èyí tó purọ́. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ̀wé ni akọ̀wé ń kọ sílẹ̀, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, á kọ ohun tó bá gbọ́.

Títí di ìgbà tí ogun Balkan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1912, abẹ́ ọba Ottoman, ìyẹn Tọ́kì àtijọ́, ni gbogbo ibẹ̀ wà. Ìwé àdéhùn Bucharest, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1913, ló pín Makedóníà sí mẹ́ta. Gíríìsì mú gúúsù: Tẹsalóníkà, Florina, Kastoria, Edessa. Sẹ́bíà mú àríwá: Bitola, Skopje, Ohrid, Prilep. Bùlùgáríà mú apá òkè Pirin ní ìlà-oòrùn. Ti Sẹ́bíà yẹn wọ ìjọba tuntun tó di Yugosláfíà lẹ́yìn 1918, ó gba òmìnira ní 1991, ó sì di Àríwá Makedóníà ní 2019.

Ibi tí ẹsẹ̀ yín ti yọ̀ ni "Monastir". Orúkọ ìlú ni, orúkọ ìgbèríko ńlá náà sì ni, èyí tí àwọn Ottoman ń pè ní vilayet. Florina, Kastoria, Korçë àti Elbasan, abẹ́ vilayet Monastir ni gbogbo wọn wà. Bí ẹ bá wo ìgbèríko yẹn lónìí, ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Àríwá Makedóníà, ní Gíríìsì àti ní Albáníà. Ará abúlé tí wọ́n bá bi léèrè ní ibùdókọ̀ ojú omi, Monastir ló máa dá wọn lóhùn, torí kò sẹ́ni tó mọ abúlé rẹ̀.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 1930 ni mo gbára lé jù. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn akànìyàn ọdún náà pé orílẹ̀-èdè tí ibi tí wọ́n ti bí èèyàn wà nínú rẹ̀ báyìí ni kí wọ́n kọ. Nítorí náà "Greece" yẹn ṣe pàtàkì. Lójú tèmi, Bitola kọ́ ni.

Kí ẹ tó náwó síbòmíràn, ẹ padà sí ìwé ọkọ̀ 1910. Láti 1907, ojú ìwé méjì ni àkọsílẹ̀ èrò kọ̀ọ̀kan gbà, apá òsì àti apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í ṣí èkejì. Ẹ tẹ àwòrán tó tẹ̀ lé e, kí ẹ ka ìlà nọ́ńbà kan náà dé òpin: ibi ìbí, ìlú àti orílẹ̀-èdè, ló wà ní òpó tó kẹ́yìn. Lójú ìwé àkọ́kọ́ náà, ẹ wo òpó 11, ibẹ̀ ni orúkọ àti àdírẹ́sì ìbátan tó fi sílé wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé tó fi di ọmọ Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1906 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú ẹ̀dà, wọ́n ń pè é ní C-File, ó sì dé oṣù kẹta 1956. Ètò Genealogy ti USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àṣíwọ̀lú, lẹ máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nínú rẹ̀, ẹ wá orúkọ ọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ àtijọ́ tó kọ̀ sílẹ̀ kó tó di ọmọ Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ Mehmed V, wọ́n ṣì ka ìlú rẹ̀ sí ti Ottoman. Bó bá jẹ́ Peter ọba Sẹ́bíà, ẹ gba ìhà Bitola lọ. Bó bá jẹ́ Constantine tàbí Alexander, ọba àwọn Hellene, ìhà Gíríìsì ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn máa ń yanjú ohun tí ìkànìyàn ogún ọdún kò yanjú.

OmoEkiti_Illinois

Àgbà, ẹ kú làákàyè. Ojú ìwé kejì wà níbẹ̀ lóòótọ́! "Boof" ni wọ́n kọ sí ibi ìbí, àdírẹ́sì baba rẹ̀ ní òpó 11 náà sì tún kọ "Boof, Monastir". Ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti di ọmọ Amẹ́ríkà, tó wà ní kóòtù, sọ pé "Constantine, King of the Hellenes" ló kọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí tó kọ síbẹ̀ ni 6 oṣù karùn-ún 1886. Kí ló kàn?

Ara_Toronto

Ẹ kú oríire. Buf ni abúlé náà. Ó wà ní agbègbè Florina, ní Gíríìsì, nítòsí ẹnu ibodè Àríwá Makedóníà. Akritas ló ń jẹ́ lónìí. Ìdí nìyẹn tí Bitola kò fi mọ̀ ọ́n.

Ìjọba Gíríìsì yí orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé agbègbè yẹn padà, ó sì pọ̀ jù láàárín 1926 sí 1928. Smrdesh di Krystallopigi, Dambeni di Dendrochori, Zagorichani di Vasileiada, Zhelevo di Antartiko. Bí ẹ bá tẹ orúkọ àtijọ́ sórí àwòrán ilẹ̀ òde òní, ó lè gbé yín lọ sí abúlé mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bùlùgáríà tàbí Sẹ́bíà. Ẹ wá orúkọ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ìlú ńlá tó wà nítòsí tì í lẹ́yìn.

Ohun kan tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni álífábẹ́ẹ̀tì. Èdè Gíríìkì òde òní kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró "b". Lẹ́tà méjì, m àti p, ni wọ́n ń pa pọ̀ fún un. Nítorí náà Μπούφι ni wọ́n ń kọ Buf nínú ìwé Gíríìkì, abẹ́ M ló sì máa wà nínú atọ́ka. "Sh", "zh" àti "ch" náà kò sí, "s", "z" tàbí "ts" ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn.

Ìwé tó yẹ kí ẹ bèèrè ni Mitroo Arrenon, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn ọkùnrin. Torí iṣẹ́ ológun ni ìjọba fi ń tọ́jú rẹ̀, ọdún ìbí ni wọ́n sì fi tò ó, abúlé sí abúlé. Nígbà tí Gíríìsì gba ilẹ̀ náà, wọ́n kọ àwọn tó ti dàgbà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọdún ìbí tí wọ́n fojú díwọ̀n. Nítorí náà ẹ má bèèrè 1886 nìkan, ẹ ní kí wọ́n wo 1883 dé 1889. Ìlú Florina ní tirẹ̀, ẹ̀ka ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ Gíríìsì (GAK) sì wà ní Florina bákan náà. Ẹ kọ̀wé sí méjèèjì. Èkejì tí ẹ máa bèèrè ni Dimotologio, tó ń kọ ìdílé kan sójú kan: baba, ìyá, ọmọ. Bí arákùnrin baba yìí bá dúró sílé, ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn ọmọ rẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni kí ẹ fi kọ lẹ́tà náà, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Orúkọ abúlé àtijọ́ àti tuntun, orúkọ ọkùnrin náà, orúkọ baba rẹ̀, ọdún ìbí, ọdún tó kúrò, àti ẹ̀dà ìwé tó fi hàn pé ẹ jẹ́ ìran rẹ̀. Láìsí èyí tó kẹ́yìn yẹn, wọn kì í dáhùn nípa Dimotologio, torí àwọn alààyè wà nínú rẹ̀.

Agbejoro_Itan

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ọkọ̀ kọ "Bulgarian". Ṣé kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Bùlùgáríà? Kí ló dé tí gbogbo yín fi ń sọ̀rọ̀ Gíríìsì?

Iya_Ibeji

Ìbéèrè tó dáa ni, sà. Ohun méjì ló pàdé nínú ọ̀rọ̀ "Bulgarian" yẹn.

Àkọ́kọ́, Amẹ́ríkà ní àtòjọ ẹ̀yà tirẹ̀ láti 1899, "Macedonian" kò sì sí nínú rẹ̀. Akọ̀wé ní láti mú ọ̀kan nínú èyí tó wà. Àwọn kan ṣì kọ "Macedonian" bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé ló wà.

Èkejì, àwọn Ottoman kì í fi èdè pín èèyàn, ìjọ ni wọ́n fi ń pín wọn. Ní 1870, ọba Ottoman fi àṣẹ dá ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Bùlùgáríà sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹ́sákéètì, yàtọ̀ sí ti Pátíríákì tó wà ní Kọnstantinópù. Láti ìgbà yẹn, ará abúlé tó bá wà lábẹ́ Ẹ́sákéètì, "Bulgar" ni ìwé ìjọba ń pè é. Èyí tó bá dúró ti Pátíríákì, "Rum" ni, èdè kan náà ni wọn ì báà jọ máa sọ nílé. Ẹ lè rí ọmọ ìyá méjì, kí ọ̀kan jẹ́ Bulgar, kí èkejì jẹ́ Rum.

Ohun tí ẹni náà pe ara rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ẹ kọ ọdún àti ìwé tó ti jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìran kan náà lè máa pe ara wọn ní Bùlùgáríà, Makedóníà àti Gíríìkì lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti dá wọn lẹ́jọ́, ìwé ni iṣẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n Sofia, olú ìlú Bùlùgáríà, wúlò níbì kan. Ìwé Ẹ́sákéètì wà ní ilé ìpamọ́ ìjọba ní Sofia: ìròyìn nípa ìjọ, ilé ìwé, olùkọ́ àti àlùfáà abúlé. Ẹ kò ní rí ìrìbọmi gbogbo èèyàn níbẹ̀, àmọ́ bí ẹnì kan nínú ìdílé bá ṣe olùkọ́ tàbí àlùfáà, ó lè jáde. Ní ti ìwé ìrìbọmi fúnra rẹ̀, ẹ má retí ohun tó pé bíi ti àwọn Kátólíìkì Croatia, tí àwọn kan nínú tiwọn lọ dé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀pọ̀ ìjọ abúlé ní Makedóníà kò pa ìwé mọ́ títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun sì run púpọ̀ nínú èyí tó wà.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ 6 oṣù karùn-ún yẹn. Ọjọ́ George Mímọ́ nìyẹn. Kàlẹ́ńdà Julian, ìyẹn ti àtijọ́ tó yàtọ̀ sí ti òde òní, ni wọ́n ń lò nílé, ọjọ́ George sì bọ́ sí 23 oṣù kẹrin nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an máa ń sọ ọjọ́ ọdún tó súnmọ́ ọn: "ní ìgbà George". Bákan náà ni 8 oṣù kọkànlá jẹ́ ọjọ́ Demetrius. Nítorí náà, ọjọ́ wọ̀nyí ń sọ àkókò fún wa ni.

Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀. Kí oṣù kẹta 1900 tó dé, ọjọ́ 12 ló wà láàárín kàlẹ́ńdà méjèèjì, láti ìgbà náà ó di 13. 23 oṣù kẹrin 1886 yẹ kó jẹ́ 5 oṣù karùn-ún. 6 yẹn fi hàn pé ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi 13 kún un. Bí ẹ bá rí "23 April" nínú ìwé ìjọ àti "6 May" nínú ìwé Amẹ́ríkà, ẹnì kan náà ni, ẹ má pín in sí méjì. Bùlùgáríà yí padà sí kàlẹ́ńdà tuntun ní 1916, ìjọba Yugosláfíà ní 1919, Gíríìsì ní 1923.

Atumo_Ottoman

Fún ẹni tó fẹ́ kọjá 1880 sẹ́yìn, Istanbul ni. Ilé ìpamọ́ ìwé Ottoman wà ní Kağıthane, káàlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi orúkọ tí àwọn Ottoman ń pe ìlú wá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní rí nǹkan kan: Bitola ni Manastır, Florina ni Filorina, Kastoria ni Kesriye, Edessa ni Vodina, Skopje ni Üsküp, Prilep ni Pirlepe, Tẹsalóníkà ni Selanik, Plovdiv ni Filibe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ kaza, ìyẹn agbègbè, kí ẹ tó wá abúlé.

Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì. Èyí tí àmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NFS.d. ni ìwé ìkànìyàn láti ọdún 1830 síwájú. Ọkùnrin nìkan ló wà nínú rẹ̀, torí owó orí àti ológun ni wọ́n ń wá. Wọ́n máa ń kọ ìrísí èèyàn síbẹ̀: ó ga, ó kúrú, irùngbọ̀n dúdú, irùngbọ̀n ewú. Àwọn Kristẹni wà nínú ìwé tiwọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ipò owó orí mẹ́ta: âlâ, evsat, ednâ, láti ọlọ́rọ̀ dé tálákà. Èkejì ni ML.VRD.TMT.d., ìwé dúkìá ti 1844 sí 1845: nọ́ńbà ilé, olórí ilé, iṣẹ́ ọwọ́, ilẹ̀, ẹran ọ̀sìn, owó tó ń wọlé. Kò kárí gbogbo agbègbè, àmọ́ níbi tó bá dé, kò sí ìwé tó dùn tó o.

Orúkọ ìdílé kò sí nínú wọn. "Petre veled-i Stoyan" lẹ máa rí, Petre ọmọ Stoyan. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, "bin" ni. Ohun tó ń so ìdílé pọ̀ ni nọ́ńbà ilé, nítorí náà ẹ kọ gbogbo orúkọ tó wà nínú ilé náà sílẹ̀, àti ilé tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, torí 1928 ni Tọ́kì tó yí padà sí lẹ́tà tòde òní. Alfa tó mọ Lárúbáwá dáadáa lè gbìyànjú lẹ́tà rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Tọ́kì àtijọ́ ni, orúkọ Slav sì ń sọ àmì fáwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nù nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní pàtó ni kí ẹ bẹ̀.

Ọdún náà léwu. Bí ìwé bá sọ pé wọ́n bí ẹnì kan ní 1300, ẹ bèèrè pé kàlẹ́ńdà wo. 1300 ti Hijri bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1882. 1300 ti Rumi, tí ìjọba fi ń ṣírò owó, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1884. Ọdún kan àbọ̀ ti wà láàárín wọn. Fún Rumi, ẹ fi 584 kún un, ṣùgbọ́n fún oṣù January àti February, 585 ni.

OmoEkiti_Illinois

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan kan tún rú mi lójú: orúkọ ìdílé. Ní Amẹ́ríkà "-off" ló parí rẹ̀. Ìbátan kan ní Skopje ń jẹ́ èyí tó parí sí "-ovski". Ṣé ìdílé kan náà ni?

Ara_Toronto

Ó ṣeé ṣe gan-an. Ìpìlẹ̀ orúkọ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìrù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Petre ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Petre ń jẹ́ Petrov, akọ̀wé Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní Petroff. Ní ìhà Sẹ́bíà, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, wọ́n sọ ọ́ di Petrović. Nígbà tí Bùlùgáríà gba ibẹ̀ láti 1941 dé 1944, ó padà di Petrov. Lẹ́yìn 1944, ó di Petrovski. Ẹni tó dúró ní ìhà Gíríìsì di Petrou tàbí Petridis. Orúkọ àkọ́kọ́ náà yí: Giorgi di Georgios, Mitre di Dimitrios, Vasil di Vasileios.

Ewu kejì tó tóbi ju ti ìrù lọ: orúkọ ìdílé náà lè yí ní ìran kọ̀ọ̀kan, torí orúkọ baba tàbí baba baba ni. Àbúrò baba tó kúrò nílé ní 1905 lè máa jẹ́ orúkọ baba, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kúrò ní 1910 máa jẹ́ ti baba àgbà. Ẹ fi orúkọ ìnagijẹ agbo ilé wọn wádìí, àwọn àgbàlagbà abúlé ṣì ń rántí rẹ̀.

Pé ìbátan wà ní Skopje kò yà mí lẹ́nu. Ogun abẹ́lé Gíríìsì, 1946 sí 1949, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní agbègbè Florina àti Kastoria. Wọ́n kó àwọn ọmọdé lọ sí Yugosláfíà, Poland, Hungary, Czechoslovakia àti Romania. Òfin tí Gíríìsì ṣe ní 1982 láti jẹ́ kí wọ́n padà, àwọn tó jẹ́ Gíríìkì ní ìran nìkan ló gbà. Nítorí náà, ẹ wá wọn ní Skopje, Bitola, Poland, àti lọ́dọ̀ wa níbí ní Toronto.

Aburo_Lisbon

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin àgbà, ti Mùsùlùmí ńkọ́? Ìdílé tó ti Kastoria lọ sí Tọ́kì ní 1924.

Atumo_Ottoman

Pàṣípààrọ̀ èèyàn láàárín Gíríìsì àti Tọ́kì nìyẹn, wọ́n fọwọ́ sí i ní Lausanne ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 1923. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi pín wọn, kì í ṣe èdè. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó lọ ló ń sọ Gíríìkì tàbí èdè Slav. Bí ẹnì kan nínú ìdílé náà bá jẹ́ ọmọ Tọ́kì lónìí, kó wọ e-Devlet, ìkànnì ìjọba Tọ́kì, kó ṣí àkọsílẹ̀ ìran tí wọ́n ń pè ní "alt-üst soy". Láti 1918 ni ó ti wà. Má bínú, àṣìṣe ìka: 2018 ni. Ó máa ń lọ sẹ́yìn dé ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àwọn kan. Ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn kò lè wọ ibẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé òfin orúkọ ìdílé ní Tọ́kì, 1934 ni, nítorí náà orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ báyìí kò ní sí nínú ìwé Kesriye. Orúkọ baba àti abúlé ni kí ẹ fi wá a.

Agbejoro_Itan

Ṣé àyẹ̀wò DNA kò ní gé gbogbo wàhálà yìí kúrú?

Iya_Ibeji

Ó wúlò fún wíwá ìbátan, kò wúlò fún wíwá orílẹ̀-èdè. Ìpín ọgọ́rùn-ún "Balkan" tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò lè ya ará Florina sọ́tọ̀ kúrò lára ará Bitola. Ẹ wo àtòjọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tiyín mu, kí ẹ bi wọ́n léèrè abúlé tí ìdílé wọn ti wá. Ṣùgbọ́n abúlé kékeré ń fẹ́ra wọn láti ìran dé ìran. Ẹni tí ẹ̀rọ bá pè ní ìbátan ìran kẹta lè jẹ́ ìran karùn-ún tó gba ọ̀nà mẹ́ta wọlé. Ẹ má kọ ọ́ sórí igi ìdílé kí ìwé tó jẹ́rìí sí i.

Agba_Akosile

Ẹ̀gbọ́n OmoEkiti, kí ẹ tó fi lẹ́tà Florina ránṣẹ́, ẹ tún gba ìwé méjì kún un. Bó bá wà láàyè lẹ́yìn 1936, ẹ bèèrè fọ́ọ̀mù SS-5 rẹ̀, èyí tó fi bèèrè nọ́ńbà Social Security, orúkọ ìyá rẹ̀ kó tó lọ ilé ọkọ wà níbẹ̀. Ẹ sì wo káàdì ológun ti ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1942, tó mú àwọn ọkùnrin tí wọ́n bí láàárín 1877 sí 1897. Ó wọ inú rẹ̀. Káàdì yẹn bèèrè ibi ìbí, ó sì ṣeé ṣe kí ó kọ abúlé náà fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Tí orúkọ ìyá bá ti wà lọ́wọ́ yín, Florina á lè ya Petre kan sọ́tọ̀ lára Petre mìíràn ní Buf.